Ṣé Orí Ló Ń Ju Bọ́ọ̀lù Ìkẹyìn?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 1994, ní ìlú Houston, nínú àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì NBA. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù kí eré parí. Àmì 86 ni Houston Rockets ní, New York Knicks ní 84. Ẹni tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gba ife ẹ̀yẹ, Knicks sì ti borí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ John Starks ti Knicks ni bọ́ọ̀lù wà, ẹni tó ti jẹ àmì 16 ní ìdámẹ́rin ìkẹyìn eré náà nìkan. Bí ó bá lè ju ẹyọ kan yìí wọlé láti òkèèrè, ọ̀rọ̀ parí. Ó fò, ó jù ú. Hakeem Ọlájùwọ́n ti Rockets ti sáré jáde sí i, ó nawọ́, orí ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù náà, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sílẹ̀ láìdé ibi àwọ̀n. Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, Rockets gba ife pẹ̀lú 90 sí 84.

Ibi tí ọmọ Yorùbá mẹ́ta bá ti gbọ́ ìtàn yìí, ọ̀kan nínú wọn á ní orí Hakeem ló gbè é. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1963, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló fi bẹ̀rẹ̀, tó ti di ọ̀dọ́langba kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì, tó wá di ọba nídìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: kí ni kò ní jẹ́ orí níbẹ̀? Èkejì á ní àdúrà ni. Ẹ̀kẹta á ní àwọn kan wà tí àyà wọn kì í já nígbà tí eré bá há, pé ohun tó ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà sọ ọ́, àmọ́ ohun kan náà ni wọ́n gbà gbọ́: pé nǹkan kan wà tí a dá mọ́ àwọn ẹni díẹ̀, tí í jáde nígbà tí ojú bá pọ́n.

Ògèrè Rẹ́mọ kì í ṣe àjèjì sí ìbéèrè yìí. Ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ìlú náà wà, àwọn awakọ̀ tírélà ló ń dúró níbẹ̀ sinmi, àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn lè wà lọ́wọ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ náà ni Jòsáyà Ọ̀ṣítẹ̀lú, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà kí wọ́n tó dá a dúró, ti dá ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń pè ní Church of the Lord sílẹ̀ lọ́dún 1930. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ náà máa ń rọ́ lọ sí òkè Tábórà níbẹ̀, fún àwẹ̀ àti àdúrà. Ìlú tó gbà pé Ọlọ́run lè dá sí ọ̀rọ̀ kíákíá ni Ògèrè, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ bi ìbéèrè yìí bi í bí ẹni pé ó ń bi wọ́n níbẹ̀, láìfi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣeré.

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Starks fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́rú tí wọ́n gbá eré tó parí àṣekágbá náà, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ló ju bọ́ọ̀lù sí àwọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọlé. Nínú mọ́kànlá tó jù láti òkèèrè, ẹyọ kan kò wọlé. Orí tó gbé wọ pápá lọ́jọ́ Àìkú náà ló gbé wọ pápá lọ́jọ́rú. Ẹni tó bá ní orí ló gbè é tó fi jẹ àmì 16 lọ́jọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ sọ ibi tí orí náà lọ lọ́jọ́rú.

Ifá kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ orí sí bí a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu. Nínú ìtàn Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀, àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí amọ̀ náà sì jẹ dànù. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ti dífá, ó ti rúbọ kó tó kúrò nílé. Iyọ̀ tó mú dání ló fún oníbodè Àjàlá, ẹni tó ń fi eérú se ọbẹ̀, oníbodè yẹn ló sì mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, tó bá a yan orí tó le. Wándé Abímbọ́lá, nínú ohun tó kọ lórí Ifá, tẹnu mọ́ ọn pé ẹsẹ̀ ni igbákejì orí: ẹni tó yan orí rere tí kò fi ẹsẹ̀ rìn, orí náà kò ní ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀lù ìkẹyìn, tó sì pariwo pé orí ni, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Àwọn tó ń ka nǹkan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ti wá ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn eré NBA, tí àmì tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ju márùn-ún lọ, ni wọ́n ń pè ní àkókò tó há. Gbogbo ayé ló gbà pé Kobe Bryant ni ọ̀gá àkókò yẹn. Lọ́dún 2011, akọ̀ròyìn Henry Abbott ka gbogbo bọ́ọ̀lù tí Bryant ti jù ní ìṣẹ́jú àáyá 24 ìkẹyìn, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ nílò rẹ̀ láti fi borí tàbí láti fi bá wọn dọ́gba. Ó jẹ́ 115. Èyí tó wọlé jẹ́ 36. Nínú eré rẹ̀ lápapọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọlé fún un. Kò yani lẹ́nu: ní ìṣẹ́jú yẹn, gbogbo èèyàn tó wà ní pápá ló mọ ẹni tí yóò jù ú, èèyàn méjì lè rọ̀ mọ́ ọn, aago sì ń lé e. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé 36 yẹn nìkan ni a rántí.

Ife ẹ̀yẹ tí NBA ń fún ẹni tó ta yọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, orúkọ Jerry West ni wọ́n fi sọ ọ́. Akọni gidi ni West. Ó dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó pàdánù mẹ́jọ.

Kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Lọ́dún 1985, Gilovich, Vallone àti Tversky ṣe ìwádìí tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ pé ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù gbóná, ìyẹn ni pé bí ó bá ti jù wọlé léraléra, èyí tó kàn á rọrùn láti wọlé. Lọ́dún 2018, Miller àti Sanjurjo fi hàn pé ìṣirò ìgbà náà ní àléébù, pé ọwọ́ lè gbóná lóòótọ́. Àmọ́ ìyẹn kò tó ohun tí à ń fi ẹnu gbé gẹ̀gẹ̀.

Nick Anderson ni ẹ̀rí tó dùn mí jù. Lóṣù kẹfà ọdún 1995, Orlando Magic fi àmì mẹ́ta ṣíwájú Rockets nínú eré àkọ́kọ́ àṣekágbá, ó ku bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Wọ́n fún Anderson ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Ẹyọ kan péré ti tó. Méjèèjì kò wọlé. Òun fúnra rẹ̀ tún gba bọ́ọ̀lù náà padà, wọ́n tún ṣẹ̀ ẹ́, ó tún gba méjì mìíràn. Méjèèjì kò wọlé. Kenny Smith ti Rockets ju bọ́ọ̀lù àmì mẹ́ta wọlé, wọ́n dọ́gba, wọ́n lọ sí àkókò àfikún, Hakeem ló sì fi ọwọ́ tì í wọlé ní ìparí: 120 sí 118. Rockets borí ní gbogbo eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní sáà yẹn, bíi méje nínú mẹ́wàá ló ń wọlé fún Anderson nínú bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ní sáà 1996 sí 1997, ó ti já sí mẹ́rin. Kì í ṣe pé a bí i pẹ̀lú àyà jíjá. Ohun tí àwọn èèyàn fi ṣe ẹlẹ́yà ló wọ inú ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run ló gba àdúrà Hakeem lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jẹ́ pé ó kọ ti Anderson ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ̀lé ara wọn, ní iwájú gbogbo ayé, lórí ọ̀rọ̀ eré. Ó ṣòro láti rí onígbàgbọ́ tó ronú dáadáa tí yóò fọwọ́ sí irú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gun òkè Tábórà kì í dúró de ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń gbààwẹ̀. Hakeem náà kò ya ẹ̀sìn rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbà tí eré bá há. Oṣù kejì ọdún 1995, tó bọ́ sí Ramadan, ó ń gbààwẹ̀ ní ọ̀sán, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní alẹ́, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lóṣù náà.

Òun náà sì ti jẹ iyà bọ́ọ̀lù ìkẹyìn. Lọ́dún 1983, nígbà tó wà ní yunifásítì Houston, Lorenzo Charles ti North Carolina State gba bọ́ọ̀lù tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jù tí kò dé àwọ̀n, ó sì kì í bọ inú rẹ̀ bí aago ṣe ń parí: 54 sí 52. Lọ́dún 1984 ó tún pàdánù àṣekágbá, lọ́wọ́ Georgetown tí Patrick Ewing wà. Ní 1986, nígbà tó ti wà ní Rockets, Boston Celtics ló nà wọ́n nínú àṣekágbá NBA. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín bọ́ọ̀lù Charles àti ìka tó kan bọ́ọ̀lù Starks, Ewing ló sì wà lódìkejì nígbà náà, nínú ẹgbẹ́ Knicks.

Ohun mìíràn tún wà tí àríyànjiyàn àwọn akọni máa ń bò mọ́lẹ̀: ẹgbẹ́ tó dára gan-an kì í sábà jẹ́ kí eré há. Ẹ wo D'Tigress, àwọn obìnrin Nàìjíríà, nínú àṣekágbá AfroBasket márùn-ún tí wọ́n gbà tẹ̀lé ara wọn. Ọdún 2017, 65 sí 48. Ọdún 2019, 60 sí 55. Ọdún 2021, 70 sí 59. Ọdún 2023, 84 sí 74. Ọdún 2025, 78 sí 64. Ẹyọ kan péré ló há. Nílé wa ní Rẹ́mọ, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ipò kejì ní 2023 àti 2024 kí wọ́n tó gba líìgì ní 2025, eré ṣì kù nílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà á.

Nítorí náà, kí á yẹ́ Hakeem sí fún ọdún mọ́kànlá yẹn ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ni eré ìdárayá, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ẹ̀yin òbí ní Ògèrè àti gbogbo Rẹ́mọ, bí ọmọ kan bá pàdánù bọ́ọ̀lù tó yẹ kó fi borí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní olóríburúkú, ẹ má sì sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ ni kò dé òkè. Ẹ mú un padà sí pápá lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sì gbé bọ́ọ̀lù ìkẹyìn fún un nínú eré tó kàn.