ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: APÁ WO LÓ Ń JÒ?

  

Bíbélì kíkà: Mátíù 7:1-5. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí i kí ẹ kà á.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ rò láàárọ̀ yìí nìyí: bí nǹkan bá ń bàjẹ́ láàárín èèyàn méjì, ọ̀dọ̀ ta ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rọ omi inú kíṣìnì wa ló dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí àwọn púlọ́mbà ń pè ní míkísà. Ẹnu kan ló ní, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjì: ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún omi tútù. Àwa ò ní ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná nílé, nítorí náà inú táǹkì kan náà ni omi ti ń wá sí apá méjèèjì. Ìyàwó mi ló sábà máa ń lo ọwọ́ òsì, torí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ń to abọ́ sí. Èmi, ọwọ́ ọ̀tún.

Nígbà tó di àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Tó... tó... tó. Tọ̀sán tòru. Mo ní, "Ìyá wọn, ìwọ lo ò ń ti ọwọ́ òsì yẹn dáadáa." Ó ní, "Dádì, mò ń tì í o." Mi ò gbà. Lálẹ́ kí n tó sùn, màá lọ fún ọwọ́ ọ̀tún tèmi pinpin, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé èmi ni. Nígbà tí kò dáwọ́ dúró, mo gé túùbù kẹ̀kẹ́, mo fi so ẹnu ẹ̀rọ náà. Omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ̀rọ bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà 86,400 ni yóò kán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nǹkan bíi 4,000 ẹ̀kán ló ń kún lítà kan. Ìyẹn ni pé ó lé ní 20 lítà lójúmọ́, kò kù púpọ̀ kó kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí kànga ń gbẹ, tí àwọn ìyá àgbà ń ru kẹ́ẹ̀gì kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa! Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe omi nìkan ló ń jò nínú ilé wa nígbà náà. Mo ti mú nínú owó tí a jọ fi pamọ́ fún ilé-ìwé àwọn ọmọ, mo fi ran àbúrò mi lọ́wọ́, mi ò sì sọ fún ìyàwó mi. Nígbà tó bi mí, mo ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tó tún bi mí, mo ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti ìgbà náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wa. Bẹ́ẹ̀, ní ìdájí kọ̀ọ̀kan, mò ń kọ àṣàrò ìfẹ́ ránṣẹ́ sí yín.

Lọ́jọ́ tí púlọ́mbà dé, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọwọ́ ẹ̀rọ. Abẹ́ síǹkì ló wọ̀. Ó pa omi tó ń lọ sí apá òsì. Gbogbo wa dúró. Ẹ̀rọ ṣì ń kán. Ó ṣí ìyẹn padà, ó wá pa ti ọ̀tún. Omi kán lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó dákẹ́ wẹ́lo. Ó ní, "Ajíhìnrere, ẹ má bínú o, apá ọ̀tún ni."

Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀wà tó ń ṣà ló tẹjú mọ́.

Ọmọkùnrin náà tú u, ó yọ wáṣà inú rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ tí kò tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́ ní fífẹ̀. Àárín rẹ̀ ti jin, etí rẹ̀ ti já. Ó ní yanrìn tó ń bá omi wá ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, àmọ́ bí mo ṣe ń fún un pinpin ló parí rẹ̀. Ó ki ìka bọ inú ibẹ̀, ó ní kí n dúpẹ́ pé irin tí rọ́bà ń jókòó lé kò tíì jẹ, torí tí ìyẹn bá jẹ, rọ́bà tuntun kò ní lè dá omi dúró. Owó wáṣà tuntun kò tó owó búrẹ́dì kan.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

Èkíní, ibi tí omi ti ń jáde kọ́ ni ibi tó ti bàjẹ́. Ẹnu kan ni míkísà ní, bí ìdílé ṣe ń ní orúkọ kan. Ẹ ò lè wo ẹnu kí ẹ mọ apá tó ń jò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Èkejì, fífún un kì í ṣe títún un ṣe. Ẹni tó ń pariwo lé ìyàwó lórí, ẹni tó ń fi "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" pa ẹnu ẹni tó ń béèrè òtítọ́, ó ń fún ẹ̀rọ pinpin ni. Ó lè dákẹ́ fún alẹ́ kan. Rọ́bà inú rẹ̀ ń já lọ.

Ẹ̀kẹta, rọ́bà yẹn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ṣe tó fi jẹ. Sùúrù máa ń jẹ, ìfọkàntán náà máa ń jẹ. Kì í ṣe ìtìjú pé ó ti jẹ. Ìtìjú ni kí a mọ̀ ká má fẹ́ tú u wò.

Ẹnì kan lè ní, "Ajíhìnrere, ṣé kí n máa gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi ni?" Rárá o. Púlọ́mbà kò pa apá kan láti dá a lẹ́bi, ó pa á kó lè mọ òtítọ́ ni. Olúwa wa kò ní ká má yọ ẹ̀ẹ́rún ojú arákùnrin wa. Ètò rẹ̀ ló sọ: tìrẹ ṣáájú, kí o lè ríran yọ tirẹ̀. Tí o bá ti pa apá tìrẹ tí ó ṣì ń jò, o ti mọ̀ nìyẹn, o sì lè sọ ọ́ láìbínú. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń lù ọ́ tàbí wọ́n ń fìyà jẹ ọ́ nínú ilé, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ wáṣà. Jáde, pe àwọn àgbà àti ìjọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ìyàwó mi iye owó náà àti ẹni tí mo fún. Kò rọrùn, kò sì dáríjì mí kíákíá. A jọ kọ bí a ó ṣe dá owó náà padà sínú ìwé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí wá jẹ ẹ̀wà.

Lónìí, kí o tó sọ pé apá òsì ni, kọ́kọ́ wọ abẹ́ síǹkì, pa tìrẹ wò.

Àdúrà: Olúwa, fi apá tó ń jò nínú mi hàn mí, kí o sì fún mi ní ìgboyà láti tú u wò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á sàn wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan.