Ta Ló Jẹ Aláìsàn Ní Gbèsè? Ọ̀rọ̀ Adójútòfò Ìlera ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Àríyànjiyàn lórí ètò adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò tí àwọn ènìyàn fi ń dá owó jọ nígbà tí ara wọ́n le kí ẹni tí àìsàn bá kọlù nínú wọn lè rí ìtọ́jú láìta dúkìá rẹ̀, sábà máa ń dá lórí ẹni tó yẹ kó di àpò owó náà mú, yálà ìjọba tàbí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú èyí, tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kì í sábà dúró lé lórí, òun náà ni pé ta ló jẹ aláìsàn ní gbèsè. Bí àìsàn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ẹni tó ń ṣe àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, àánú ni ohunkóhun tí aládùúgbò bá fi ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹrù gbogbo ìlú ni, ẹ̀tọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀, òfin sì lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, nítorí pé ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, tí ìjọba tó darí ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní àwọn ọdún 1950 sì mú ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wá fún àwọn ọmọdé títí dé ọmọ ọdún 18. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Unity Party of Nigeria tí ó dá sílẹ̀ jáde fún ìbò ọdún 1979, ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ wà lára ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà gbé síwájú ará ìlú. Ìpìlẹ̀ èrò Awólọ́wọ̀ kì í ṣe àánú rárá. Lójú tirẹ̀, ènìyàn ni orísun gbogbo ìdàgbàsókè, ìlú tó bá sì fi ọpọlọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ́, tó fi ara wọn sílẹ̀ láìtọ́jú, ara rẹ̀ ló ń jà lólè. Olábísí Ọ̀nàbáǹjọ, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ náà títí di òpin ọdún 1983, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ńlá tó wà ní Ṣàgámù lónìí. Ẹni tó bá dé irú ilé ìwòsàn ìjọba bẹ́ẹ̀ láìsí adójútòfò kankan lọ́wọ́ mọ̀ pé owó ni yóò fi gba káàdì, owó ni yóò fi ṣe àyẹ̀wò, owó náà ni yóò sì fi ra oògùn.

Ohun tó gbé ọ̀fẹ́ náà lọ kò ṣòro láti rí. Owó epo rọ̀bì ló gbé ti àsìkò Ọ̀nàbáǹjọ ró. Nígbà tí iye epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oògùn tán lórí pẹpẹ, àwọn ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 sì ka ipò tí àwọn ilé ìwòsàn wà mọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn olóṣèlú. Ní ọdún 1987, nígbà tí Olíkóyè Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, àwọn mínísítà ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, wọ́n sì fẹnu kò pé kí aláìsàn máa san owó díẹ̀ lórí oògùn kí owó náà lè tún oògùn mìíràn rà. Láti ìgbà náà ni ẹrù ti sún díẹ̀díẹ̀ kúrò léjìká ìjọba bọ́ sí ti aláìsàn, débi pé lónìí, ó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà lọ tó ń jáde láti àpò ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹbí rẹ̀.

Òfin adójútòfò ìlera àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1999, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìṣirò rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gangan, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 5, kí òun, ẹnì kejì rẹ̀ nínú ìgbéyàwó àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 sì máa rí ìtọ́jú. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ń pè ní HMO, ìyẹn àwọn alárinà láàárín ẹni tó dá owó àti dókítà, ni wọ́n fi ètò náà lé lọ́wọ́. Àwọn ló ń san iye kan pàtó fún ilé ìwòsàn lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, yálà olórúkọ ṣàìsàn tàbí kò ṣe. Nítorí náà, àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba má ṣe fọwọ́ kan án àti àwọn tó ń pariwo pé kí aládàáni má ṣe sún mọ́ ọn ń jà lórí ilé tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé tipẹ́. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù ni ọ̀nà tí dandan náà lè gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn láìsí wàhálà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Rẹ́mọ kò sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìyálóbì ní Ṣàgámù, tó jókòó ti agbọ̀n gbànja, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú èyí tó dá ṣáṣá, tó sì ń fi ewé tútù bo ohun tó bá ṣẹ́ kù kó má baà gbẹ, kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá owó. Àtàná ló ti ń dá àjọ. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún ẹni tó ń polongo adójútòfò lọ́jà láti sọ pé kò yàtọ̀ sí àjọ, àlàyé yìí gan-an ló sì ń ba nǹkan jẹ́. Nínú àjọ, owó olówó kì í sọnù: ohun tí ènìyàn bá dá ni yóò kó, bó pẹ́ bó yá, alájọ tó bá kó owó oníbàárà jẹ, olè ni. Nínú adójútòfò, ẹni tí ara rẹ̀ le látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin kò ní gba kọ́bọ̀ padà. Bí wọ́n bá ti sọ fún ìyálóbì pé àjọ ni, ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé wọ́n jẹ owó òun. Ohun tó sún mọ́ adójútòfò jù ni owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá fún ẹni tí òbí rẹ̀ bá kú, nítorí kò sí ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé tí í wá bá akápò pé kó dá owó òun padà. Ó mọ̀ pé owó náà kì í ṣe ìfipamọ́. Ó fi ra ipò rẹ̀ láàárín àwọn tí kò ní fi ara wọn sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti yẹ̀ wò fínnífínní, ọ̀rọ̀ wọn sì kan Ṣàgámù níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pàdé ní Jeddah ní ìparí ọdún 1985, wọ́n dájọ́ pé adójútòfò olówò kò bá ẹ̀sìn mu, nítorí pé gharar wà nínú rẹ̀, ìyẹn àìdánilójú tó pọ̀ jù nínú òwò, níwọ̀n bí ẹni tó sanwó kò ti mọ̀ bóyá òun yóò rí ohunkóhun gbà. Wọ́n gba adójútòfò alájùmọ̀ṣe láàyè, nítorí pé tabarru' ni owó inú rẹ̀, ìyẹn ọrẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìdájọ́ yìí dáadáa yóò rí i pé àìsàn tí wọ́n sọ di ọjà ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ìmúrasílẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ọrẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àfipáṣe lè rántí pé sàká kì í ṣe sàráà: dandan ni, òtòṣì àti onígbèsè sì wà lára àwọn tí ẹ̀sìn dárúkọ pé ó tọ́ sí.

Láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì, àtakò mìíràn ló wà. Ní Ògèrè ni Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) sílẹ̀ ní ọdún 1930, nígbà tí ìrántí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, tí oògùn àwọn òyìnbó kò ràn, ṣì wà lọ́kàn àwọn ènìyàn, ìwòsàn nípa àdúrà àti omi mímọ́ sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ìjọ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, àwọn onígbàgbọ́ kan gbà pé ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ de àìsàn ti fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àní nínú ìṣe àwọn aládùúrà fúnra wọn, tí wọ́n ń gbààwẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe ìṣọ́ òru nítorí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni orí kẹfà ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, níbi tó ti ní kí wọ́n máa bá ara wọn gbé ẹrù, tó sì tún sọ láìjìnnà síbẹ̀ pé oníkálukú ni yóò ru tirẹ̀. Àwọn tó ń fẹ́ ti aládàáni di gbólóhùn kejì mú, àwọn tó ń fẹ́ ti ìjọba di ti àkọ́kọ́ mú.

Ìtàn tí Yorùbá ń pa nípa yíyan orí lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ìjà wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí, ilé Àjàlá ni ẹ̀dá ti ń yan orí kó tó wá sáyé, amọ̀kòkò onígbèsè sì ni Àjàlá: àwọn orí kan jiná dáadáa, òjò yóò sì fọ́ àwọn mìíràn lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì lára wọn tí ayan lè fi mọ èyí tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí oníkálukú jẹ àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ lè fi ìtàn yìí gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé apá tó ṣe kókó, pé afọ́jú ni yíyàn náà. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ SS, àrùn tó máa ń mú kí eegun roni gógó, kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló sì ru AS, tó túmọ̀ sí pé bí ara tiwọn tilẹ̀ dá pé, tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jọ ní in lè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ń wo ewu ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó dá iye lé e yóò gbowó lórí ọmọ náà ju ti ẹlòmíràn lọ, tàbí kó kọ̀ ọ́ pátápátá, kò sì ṣẹ̀ nínú ìṣirò òwò. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ilé Àjàlá tí kò tíì mọ orí tí yóò bọ́ sí òun lọ́wọ́ kò ní fọwọ́ sí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oníkálukú bá ti mọ orí tirẹ̀ tán, ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ jáde, bó bá sì jáde, àwọn aláìsàn nìkan ni yóò kù nínú àpò, àpò náà yóò sì ya. Ìdí pàtàkì nìyí tí dandan fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú fúnra rẹ̀ lè wáyé níbikíbi, yálà ní Ṣàgámù tàbí ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Babcock, ti ìjọ Adventist, ní Ìlíṣàn. Ṣàgámù fúnra rẹ̀ mọ irú àdéhùn yìí. Àwọn ìlú kéékèèké tó kóra jọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún 19 nítorí ogun kò fi ọba wọn sílẹ̀, wọn kò sì fi òrìṣà wọn sílẹ̀, àmọ́ ààbò wọn kì bá tí dúró bó bá jẹ́ pé ìtún, ìyẹn àdúgbò, tó bá wù ú ló ń jáde lọ́jọ́ tí ogun kò bá sí nítòsí.

Ohun tó kù ni ìpín àwọn tí kò ní. Òfin ọdún 2022 dá àkànṣe owó sílẹ̀ fún aláìní, aláboyún àti ọmọdé wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìyálóbì tó lókun, tó ní ọjà díẹ̀ nílẹ̀, kò sí nínú wọn, kò sì sí nínú àwọn olówó oṣù. Orílẹ̀-èdè Ghana, tó ṣe òfin adójútòfò tirẹ̀ ní ọdún 2003, fi ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé orí ọjà àti iṣẹ́ tí ènìyàn ń rà, kó tó wá béèrè ìdáwó díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò gba owó oṣù. Ìyẹn ni pé olówó tó ra ọkọ̀ ti san púpọ̀ fún aláìsàn kí ó tó kúrò níwájú ẹni tó tà á, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó fẹ́ ṣàánú.