Ta Ló Ni Àgbà Tó Ṣìnà?



Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ ìyá mẹ́ta kan wá bá mi láti abúlé kan lápá Lágelú. Bàbá wọn ti jáde nílé láti ìdájí, wọn ò sì rí i mọ́. Bàbá ti lé ní 80 ọdún, ìgbàgbé sì ti dé. Àkọ́bí wọn ní, "Bàbá Awo, ẹ bá wa bi Ifá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ o. Wọ́n á ní orí bàbá wa ti dàrú."

Mo tẹ́ ẹní, mo dá Ifá. Ifá ní bàbá wà láàyè, pé ká rúbọ. A wá ẹyẹlé, a ra epo, a rúbọ. Nígbà tá a fi máa parí, oòrùn ti ń wọ̀. Alẹ́ ni wọ́n tó rí bàbá, ní abúlé kejì sí tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti so ó mọ́ igi. Wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, torí pé kò lè sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìyá alákàrà kan tó mọ̀ ọ́n lọ́jà ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ifá ò parọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi. Gbogbo wákàtí tí mo fi ń rúbọ, ó yẹ kí ẹnì kan ti máa kéde.

Ìbéèrè mi wá ni pé, ta ló ni àgbà tó ṣìnà? Ṣé ọmọ tó fẹ́ bo àṣírí rẹ̀ ni, àbí gbogbo ẹni tó lè pàdé rẹ̀ lọ́nà?

Ìtàn ni mo kọ́ ní yunifásítì, ẹ jẹ́ kí n fi wo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn bàbá wa ní Ìbàdàn nílé nílùú, wọ́n sì tún ní abúlé lóko. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá ń ra, ọ̀nà oko ìgbà èwe rẹ̀ ló sábà máa ń kọrí sí. Láyé ìjelòó, kò burú, gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà ló mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Lónìí, wọ́n ti ta ilẹ̀ Mọ́níyà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Àkànràn fún àwọn tó ń kọ́lé, aládùúgbò ò mọ aládùúgbò mọ́. Látìgbà tí wọ́n sì ti rí igbó ajínigbé ní Sóókà ní oṣù kẹta ọdún 2014, ẹ̀rù àlejò tí ò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ ń bà wá. Tó bá jẹ́ obìnrin arúgbó ni, tó jẹ́ òru, wọ́n á ní àjẹ́ ló já bọ́.

Lóke òkun, wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Silver Alert ní ọdún 2008. Tí àgbà onígbàgbé bá wakọ̀ jáde tó sọnù, wọ́n á gbé nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sójú pátákó ojú títì. Ẹsẹ̀ ni àwọn bàbá tiwa fi ń rìn ní tiwọn, pátákó ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti ìlú Omuta ní Japan ló wù mí jù. Láti ọdún 2004 ni ẹnì kan ti máa ń ṣe bí àgbà tó sọnù, tí ará ìlú á wá fi kọ́ bí wọ́n ṣe máa kí i jẹ́jẹ́. Ìkíni, ẹ gbọ́ o! Ohun tí Yorùbá fi ń yangàn.

Ẹ̀yin tó mọ Ìká Òfún rántí ìkìlọ̀ tí Ifá fún àwọn àgbà tó fẹ́ pẹ́ láyé. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé kéèyàn má gba ọ̀pá afọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń rò pé igi nìkan ni ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ẹni tí iyè rẹ̀ ti lọ, ẹnu àwa yòókù ni ọ̀pá tó kù fún un. Tá a bá pa ẹnu mọ́ nítorí ìtìjú, a ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan á ní, "Bàbá Awo, iyì ńkọ́? Ṣé ká máa sọ àìsàn àgbà lórí rédíò?" Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá tí wọ́n so mọ́ igi. Ká ní abúlé yẹn ti gbọ́ pé "ìgbàgbé àgbà ló ń ṣe é," omi ni wọn ì bá bù fún un. Gbólóhùn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi pa mọ́ gan-an ni ì bá gbà á. Ìtìjú tiwa la máa ń pè ní iyì tirẹ̀.

Nítorí náà, mo ti yí ìṣe mi padà. Tẹ́nì kan bá wá pé bàbá tàbí ìyá òun sọnù, kí n tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀, màá bi í pé, "Ṣé ẹ ti kéde?" Tí wọn ò bá tíì ṣe é, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀: baálẹ̀, gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí, àwọn ọlọ́kadà, rédíò, ọlọ́pàá, nọ́ńbà 615 ti ìjọba Ọ̀yọ́. Kò sófin tó ní kẹ́ ẹ dúró dìgbà tó bá pé wákàtí 24 o. Ẹ sọ aṣọ tó wọ̀, ẹ sọ ibi tó ti dáko rí, ẹ sọ pé ìgbàgbé ni. Lẹ́yìn náà la ó wá jókòó síwájú Ifá.

Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá pàdé àgbà kan lọ́nà oko tí ò mọ ibi tó ń lọ, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i. Ọ̀nà yẹn náà ni gbogbo wa ń rìn lọ.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.