Ohun Tí Ojú Kò Rí, Tó Wà Lọ́rùn

Ní Accra, kò sí ibi tí ènìyàn yíjú sí tí kò ní rí àmì Gye Nyame: lára aṣọ, lára àga rọ́bà tí wọ́n ń tò síbi òkú, lára ògiri ilé ìjọsìn, lọ́rùn ọmọge tó jókòó sẹ́yìn tro-tro, ọkọ̀ akérò wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Akan ni “àfi Ọlọ́run”. Ẹni tó fi góòlù rọ ọ́ sọ́rùn kò sọ pé òun ti fojú kan Ọlọ́run rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: wọ́n ń gbẹ́ ère Èṣù, wọ́n ń gbẹ́ oṣé Ṣàngó, ṣùgbọ́n Olódùmarè kò ní ère.

Irú ẹ̀gbà ọrùn mìíràn wà lọ́jà ayé báyìí, èyí tí wọ́n ń fi ta àwọn tó fẹ́ràn kẹ́mísírì lọ́rẹ: fàdákà tàbí góòlù tí wọ́n tẹ̀ ní ìrísí mólékù. Ti kaféènì wà, ti theobromine inú kòkó náà wà; ẹ̀ka kékeré kan péré ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ojú lásán kò lè rí mólékù rárá. Ṣé ìgbàgbọ́ ni ẹni tó wọ̀ ọ́ gbé kọ́rùn, bíi ti Gye Nyame, àbí ìmọ̀?

Accra ní ìpín nínú ìdáhùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, Dorothy Hodgkin, onímọ̀ kẹ́mísírì láti Oxford, wà ní Ghana lọ́dọ̀ Thomas ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà ní Legon, ní Accra, nígbà ìjọba Nkrumah. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá a pé òun ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì. Obìnrin méjì péré ló gbà á ṣáájú rẹ̀: Marie Curie àti Irène ọmọ rẹ̀.

Hodgkin náà kò fi ojú rí mólékù. Ó ń ta ìtànṣán X-ray lu kírísítàlì, ìtànṣán á fọ́n ká, á sì fi àmì tótòtó sílẹ̀ sórí fíìmù. Láti ara tótòtó yẹn ni yóò ti máa ṣírò, oṣù dé oṣù, ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Ní 1945, iṣẹ́ yìí fi hàn pé òrùka onígun mẹ́rin wà nínú pẹnisílíìnì, kábọ́ọ̀nù mẹ́ta pẹ̀lú náítírójìn kan. Àwọn àgbà onímọ̀ kan ti takú pé irú òrùka bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Ẹ̀rí ló yanjú ẹjọ́. Ibí gan-an ni ọ̀nà ti pín: ẹni tó bá ya mólékù lè ṣì í yà, fíìmù á sì tú àṣìṣe rẹ̀ síta. Kò sí fíìmù tó lè bá Gye Nyame jiyàn, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ibi tí ìmọ̀ ènìyàn mọ.

Òrùka onígun mẹ́rin yẹn ò sinmi. Bí ọrun tí ọdẹ fà ló rí. Bó bá kan ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò àrùn fi ń mọ ògiri ara rẹ̀, á já, á lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ògiri ò ní ṣe é mọ mọ́, kòkòrò á kú. Nínú jíjá ni agbára rẹ̀ wà. Góòlù tí alágbẹ̀dẹ tẹ̀ ní ìrísí rẹ̀ kò ní já láéláé. Ó jọ ọ́ délẹ̀, àmọ́ kò lè wo ọgbẹ́ kankan sàn. Onígbàgbọ́ tó ronú jinlẹ̀ náà mọ̀ pé góòlù ọrùn òun kọ́ ló ń gbani.

Ṣé asán ni ẹ̀gbà ọrùn mólékù náà wá jẹ́? Hodgkin kò ka iṣẹ́ ọnà sí asán. Ní 1928, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Jerash, ní ilẹ̀ Jordan, ó ń ya iṣẹ́ ọnà orí ilẹ̀ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó ti wó. Ní 1951, àwòrán ínsúlíìnì rẹ̀ wà lára èyí tí Helen Megaw, onímọ̀ kírísítàlì, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di bátánì ara aṣọ àti ti ògiri fún àjọ̀dún ńlá kan ní Britain. Iṣẹ́ pẹnisílíìnì rẹ̀, ọwọ́ tí àrùn oríkèé ti mú láti nǹkan bí ọmọ ọdún 24 ló ṣe é. Henry Moore, oníṣẹ́ ọnà, ya ọwọ́ náà ní 1978: oríkèé wú, àwọn ìka tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀gbà ọrùn pẹnisílíìnì fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Legon, kó fi àwòrán ọwọ́ yẹn sínú páálí pẹ̀lú rẹ̀.