KÀNGA RUMAH ÀTI OWÓ KẸ́Ẹ̀GÌ KAN

Bísímíláhì Ráhámánì Ráhímì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba Ọlọ́rọ̀ tí kò nílò ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tó ti ṣòwò rí kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó dé bá a.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin lóbìnrin, àríyànjiyàn kan kì í tán láàrin àwa tí a wá tẹ̀dó sí Àbújá yìí. Bí a bá dáwó jọ, tí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí, ṣé ó tọ́ kí á gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá pọnmi? Àwọn kan ní láádá ti bà jẹ́ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ànọ́bì ṣí dé Mọ́dínà, omi dídùn ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan ló ni kànga Rumah, ó sì ń ta omi rẹ̀. Ànọ́bì ṣèlérí Àlùjáńnà fún ẹni tó bá rà á fún àwọn Mùsùlùmí. Àwọn onímọ̀ ròyìn pé olóhun kò fẹ́ tà á tán, ni Sẹ́yídìnà Uthman bá ra ìdajì ní 12,000 dírámù, wọ́n wá ń fi ọjọ́ pín in. Lọ́jọ́ Uthman, àwọn ènìyàn a pọn omi ọjọ́ méjì. Ọjà ẹnìkejì kú, òun fúnra rẹ̀ ló fi ìdajì tó kù lọ̀ ọ́, ní 8,000. Ẹ wo ọgbọ́n oníṣòwò! Kò bá a jà, kò fipá gbà á.

Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni omi Rumah. Ṣùgbọ́n okùn ni wọ́n fi ń fà á. Tiwa ń mu epo. Iná ọba ń lọ, páǹpù ń jó, tánkì ń jò. Ẹni tó bá ti gbé Nyanya, Karu tàbí Kubwa yóò ti rí irú kànga bẹ́ẹ̀: wọ́n fi ayẹyẹ ṣí i, ọ̀fẹ́ ni, nígbà tí páǹpù jó, kò sí owó àtúnṣe. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì wà lára ògiri, aládùúgbò sì ti padà sọ́dọ̀ mẹ́rúwà tó ń ti ọmọlanke. (Èmi kò bá mẹ́rúwà wí o. Iṣẹ́ agbára ni, hálálì sì ni.)

Ilẹ̀ Sẹ́yídìnà Umar ní Khaybar ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Ànọ́bì ní kí ó so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. A kò gbọdọ̀ tà á, a kò gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó o lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ kíyè sí i: alábòójútó jẹun. Kí ó fi di olówó ni wọ́n kọ̀.

Lóde òní, Muhammad Yunus ará Bangladesh gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006 nítorí báńkì tó ń yá tálákà lówó òwò. Báńkì náà ń gba èlé o. Ẹ jẹ́ kí á mú ọgbọ́n níbẹ̀, kí á fi èlé sílẹ̀.

Nítorí náà, owó kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe owó omi, owó epo àti páǹpù ni. Kí ó kéré sí ti ọmọlanke, kí iye tí Mùsùlùmí ń san jẹ́ iye tí Kìrìsìtẹ́nì ń san. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kò gbọdọ̀ sanwó, nítorí Ànọ́bì kọ̀ kí á fi àṣẹ́kù omi du ènìyàn. Omi àlùwàlá, ọ̀fẹ́ ni. Opó tí kò ní, kí ó pọn tirẹ̀ láìjẹ́ pé a pariwo orúkọ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń wọ̀n kò gbọdọ̀ dín: Súúrà Mutaffifin kò yọ mọ́sáláásí sílẹ̀. Kí ẹni méjì máa ka owó náà, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo jámáà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí á fi san owó ilé-kéú ọmọ aláìní.

Ẹni tó bá ní àfikún, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Wà sàlámù àlékúmù.