Ríra Ohun Tí Olóhun Kò Mọ Iye Rẹ̀

Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ènìyàn tí kò ní ohun kan tí ó ń kó jọ nígbàtí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé a máa kó ìdérí ìgò jọ, àgbàlagbà a máa kó sítáǹpù àti owó àtijọ́ jọ. Ní tiwa, àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn àti ti ìwé ìtàn aláwòrán ni à ń kó jọ. Kì í ṣe èyítí a ti tẹ̀ sínú ìwé, bíkòṣe ojúlówó rẹ̀, tí ayàwòrán fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti tàdáwà sórí páálí, kí ilé ìtẹ̀wé tó gbà á. Àwọn ará ilé wa ti fi wá rẹ́rìn-ín tó nítorí èyí. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹnití ń kọ́ àwọn ènìyàn ní katikísìmù máa tọ́jú àwòrán oníkùn-ńlá àti onímú-gígùn sábẹ́ ibùsùn. A gba ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín.

Kí ẹnití kò fojú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí lè mọ ohun tí à ń wí, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Ní ayé ìgbà tí Akinola Lasekan ará Ọ̀wọ̀ ń fi orúkọ náà Lash sábẹ́ àwòrán rẹ̀ nínú West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1937, àwòrán kì í ti ọwọ́ ayàwòrán bọ́ sójú ìwé tààrà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà a ya fọ́tò rẹ̀, wọn a gbé e sórí àwo síńkì, wọn a sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ gbogbo ibi tí kò ní ìlà, kí ìlà nìkan lè ga sókè láti gba tàdáwà. Bí àwo bá ti ṣe tán, páálí kò níṣẹ́ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jù ú sí, eku a sì jogún rẹ̀.

Síbẹ̀, orí páálí yìí ni a ti ń rí ohun tí ìwé títẹ̀ fi pamọ́. Ìlà pẹ́ńsùlù tí kò parẹ́ tán wà níbẹ̀. Ọ̀dà funfun tí a fi bo àṣìṣe wà níbẹ̀. Apá tí a yà ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó bá ara mu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó ti yẹ ìwé ọmọ wò rí yóò mọ ìdí tí èyí fi dùn mọ́ wa. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà kì í sọ púpọ̀ fún wa nípa ọmọ náà. Ibi tí ó ti pa á rẹ́ ni ó ń sọ ọ́. Nínú ìwé títẹ̀ a rí ẹ̀fẹ̀. Lórí páálí a rí ènìyàn tí ń wá ẹ̀fẹ̀ náà kiri.

Láyé òde òní, owó ti wọ inú ọ̀ràn yìí gan-an. Ní ọdún 2022, ojú-ewé kan ṣoṣo tí Mike Zeck yà nípa akọni tí wọ́n ń pè ní Spider-Man di títà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ọdún tí ó ṣáájú èyí, ní ìlú Paris, wọ́n ta àwòrán kan tí Hergé ará Bẹ́ljíọ̀mù yà ní ọdún 1936 fún èèpo ìwé Tintin, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 3 yúrò. Àwòrán yìí ni ilé ìtẹ̀wé kò lò nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ yóò gbówó lórí jù láti tẹ̀. Wọ́n ká a, ó sì wà nínú àpótí tábìlì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdílé olùtẹ̀wé wí pé Hergé fi ta ọmọ àwọn lọ́rẹ nígbàtí ọmọ náà wà ní kékeré. Àwọn tí ó jogún Hergé sì ṣiyèméjì sí i. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jà nígbàtí ó ṣì jẹ́ bébà kíká lásán.

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí á kúrò ní Paris kí á wá sí Ìyànà-Ìbà, níbi tí ọ̀nà Ìbà gbé yà kúrò lára títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, nítòsí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìyá arúgbó kan ń dín àkàrà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Afẹ́fẹ́ ojú títì kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ jó bí ó ti yẹ, nítorínáà ó fi páálí kan gbè é. Bí a ti ń dúró de àkàrà, a rí i pé ìlà wà lẹ́yìn páálí náà. A tẹ̀ríba wò ó. Ọ̀gá kan tí ó sanra ni a yà síbẹ̀, ó jókòó lórí àpò ìrẹsì, àwọn ènìyàn sì tò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Tàdáwà ni, kì í ṣe títẹ̀.

A ní, "Màmá, níbo ni ẹ ti rí páálí yìí?"

Ó ní, "Ti bàbá àwọn ọmọ mi ni, Tíṣà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún àwọn oníwèé ìròyìn nìyẹn kí ó tó lọ. Ó ṣì pọ̀ nílé ní Okokomaiko, àwọn eku ni wọ́n ń bá mi jẹ ẹ́. Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?"

A ní a fẹ́ fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òtítọ́ ni. A fi náírà 500 lọ̀ ọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnu sì yà á pé a lè fi owó ra páálí. Ní ọjọ́ kejì ó kó 14 wá, a san náírà 7,000, ó gbàdúrà fún wa, ó sì fi àkàrà mẹ́ta ṣe èènì. A jẹ àkàrà náà lójú ọ̀nà. Ní gbogbo àkókò yìí, a mọ ẹnìkan ní Ìkẹjà tí yóò fi náírà 30,000 gba ọ̀kan nínú wọn láì bá ẹnikẹ́ni ná an.

Ǹjẹ́ a ṣẹ̀ tàbí a kò ṣẹ̀? Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi ń dá ara wa láre. A ní a kò purọ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ẹnu wa jáde tí kì í ṣe òtítọ́. A ní ìnájà kò lófin méjì: ní ọjà Alábà tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹnití ó mọ ọjà a máa jèrè lára ẹnití kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní olè. A tún ní ìmọ̀ wa pàápàá ní owó orí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ́ bí a ti ń dá ojúlówó mọ̀. Ṣé kí oníṣègùn máa gba owó ìmọ̀ tirẹ̀, kí àwa má gba tiwa? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ wa ti yẹ̀. Ìmọ̀ tí oníṣègùn ń tà, aláìsàn ni ó ń tà á fún. Ó gbọ́dọ̀ fi í hàn kí ó tó gba owó lé e lórí. Àwa fi tiwa pamọ́, nínú ìpamọ́ náà ni èrè wa sì wà. Bí olùrà àti olùtà bá jọ mọ iye ohun kan, eré ni ìnájà láàrin wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, ta ni ó ń bá ẹnìkejì ná an?

A tilẹ̀ sá lọ sínú Ìwé Mímọ́. Nínú Mátíù orí kẹtàlá, Olúwa wa sọ nípa ọkùnrin kan tí ó rí ìṣúra nínú oko, tí ó fi í pamọ́, tí ó sì lọ ra oko náà. A ní, kíyèsí i, òun náà kò sọ fún olóko! Ọ̀rọ̀ yìí tù wá nínú fún bí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni a rántí pé ọkùnrin náà ta gbogbo ohun tí ó ní. Àwa kò ta ohunkóhun. Owó àkàrà oṣù kan ni a fi rà á.

Àwíjàre kan kù, òun ni ó lágbára jù. Bí kì í bá ṣe àwa, eku àti iná ni ì bá jẹ ẹ́. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ jẹ́ ilẹ̀ olómi, ọ̀rinrin a máa ba bébà jẹ́ kánkán. Ó gba kí á tẹ́ àwòrán sílẹ̀ gbọọrọ, kí oòrùn má kàn án, kí á má ká a, kí á má sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ta ni yóò ṣe èyí? Láti ìgbà Lasekan títí dé ọ̀dọ̀ Josy Ajiboye tí ó yàwòrán fún Daily Times, àti Wale Adenuga tí ó dá Ikebe Super sílẹ̀ ní ọdún 1976, àwòrán ti pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ. Mélòó ni olùtọ́jú wọn? Èyí jẹ́ òtítọ́, a kò sì ní yí i padà. Ṣùgbọ́n títọ́jú ni ó gbè lẹ́yìn, kò gbe iye tí a san lẹ́yìn. Ẹnití ó yọ ọmọ nínú omi kò ní láti gba ẹ̀wù ọmọ náà.

Àwọn olówó ńlá pàápàá ti kọsẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà ni ó ń dá gbogbo páálí dúró lọ́dọ̀ ara wọn láyé àtijọ́, àwọn ayàwòrán kò sì kà á sí, nítorí pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Nígbàtí iye rẹ̀ wá di mímọ̀, Jack Kirby béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ Marvel. Fún ọdún díẹ̀ ni wọ́n fi jà lórí irú ìwé àdéhùn tí yóò fọwọ́ sí, ní ọdún 1987 ni ó sì tó rí nǹkan bí 2,000 ojú-ewé gbà, díẹ̀ péré nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwa rò pé ibi tí ẹnu ilé ìtẹ̀wé náà kù sí ni ibi tí ẹnu tiwa kù sí: a gba ohun náà nígbàtí olóhun ń pè é ní páálí. Ní ọdún 2008 ẹ̀wẹ̀, ẹnìkan tí kò fẹ́ kí á dárúkọ òun kó ojú-ewé 24 tí Steve Ditko yà fún ìwé tí ìtàn àkọ́kọ́ ti Spider-Man wà nínú rẹ̀ lé Ilé Ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. A gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n a kò dàbí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta a kó gbogbo páálí náà padà lọ sí Ìyànà-Ìbà, a sì sọ ọ̀rọ̀ ará Ìkẹjà náà fún ìyá. Ó ń yí àkàrà lọ títí a fi sọ tán. Ó wá ní, "Tíṣà, bí ẹ bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?" A kò rí èsì fọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó dà bí ẹni pé kò ṣe rí. Lórí ọ̀kan, láàrin èrò tí ó wà lẹ́yìn ọ̀gá onírẹsì mìíràn, obìnrin kan ru agbọ̀n, ojú rẹ̀ kò tóbi ju èékánná lọ. Ó gbé e súnmọ́ fìtílà. "Èmi nìyí," ni ó wí, ó sì fi í sábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Márùn-ún ni ó mú. Lórí mẹ́sàn-án tí ó kù, ó ní àwa kì í ṣe ará Ìkẹjà, kí á san ẹgbàárùn-ún náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á yọ 7,000 àkọ́kọ́ kúrò. A ta kẹ̀kẹ́ wa, a san náírà 45,000 nínú rẹ̀. Ó ku náírà 38,000, èyítí à ń san díẹ̀díẹ̀ ní ìparí oṣù. Nígbàkúùgbà tí a bá lọ san án, a máa ń ra àkàrà. Ó ń kà á pé, kò sì fi èènì sí i mọ́.