Ta Ni Yóò Gbẹ̀bí Fún Àwọn Aya Wa?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí a jọ tẹ̀dó sí Ìlú Bìní:

Bí ìrọbí bá mú aya ẹni, tí a gbé e dé ọsibítù, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ṣé kò sí obìnrin tó lè tọ́jú rẹ̀ ni. Ìbéèrè náà dára, ìtìjú inú ìgbàgbọ́ ló bí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bàbá kan náà bá ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá yóò ní iṣẹ́ òru wà níbẹ̀, ọkùnrin wà níbẹ̀, kò sì ní í tètè rọ́kọ fẹ́. Ọmọ ta wá ni kí ó gbẹ̀bí fún wa?

Ìmáámù Gàsálì, ẹni tó kú ní ọdún 1111, ti rí irú èyí nígbà tirẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ Ihyā', ó ka ìmọ̀ ìṣègùn mọ́ fárídọ kífáyà: bí àwọn kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn ìyókù, bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi. Ó ṣàròyé pé ọ̀pọ̀ ìlú ni kò ní oníṣègùn kankan àfi àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ara wọn síbi ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn. (A kò fi èyí bú àwọn aládùúgbò wa Kìrìsìtẹ́nì. Ọwọ́ wọn la bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa sí, a sì dúpẹ́.)

Nígbà ogun Kàńdákì, ní ọdún karùn-ún híjírà, ọfà ba Sáàdù ọmọ Múádhì ní apá. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan, Rufaida, tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, ni wọ́n gbé e lọ. Bí Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun bá ń kọjá ní àárọ̀ àti ní alẹ́, á dúró bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá jẹ́ ohun ìtìjú fún mùmínà, ibẹ̀ kọ́ ni a bá ti rí Ànábì.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀nà rẹ̀. Láti SS1 ni ilẹ̀kùn ti ń sí tàbí tì, nítorí ọmọ tí kò bá ṣe sáyẹ́ǹsì kò ní rí ọ̀nà wọlé. Kírẹ́díìtì 5 ni wọ́n ń bèèrè nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Ní yunifásítì, ọdún 5 ni ti nọ́ọ̀sì, ọdún 6 ni ti dókítà. UNIBEN wà láti 1970, UBTH láti 1973, àwọn méjèèjì wà ní Ugbowo níbí, UBTH sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Àwọn mìíràn ń ti ìlú jíjìn wá, àwa ń gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí yunifásítì kò bá gbà, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera wà tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé.

Ohun tó ń dùn wá jù ni ti nọ́ọ̀sì auxiliary. A san owó fún kílíníìkì àdúgbò, ọmọ kọ́ abẹ́rẹ́ gígún fún ọdún kan tàbí méjì, a rán aṣọ funfun fún un, a pa ẹran, a ṣe fúrídọ̀ọ̀mù bí ẹni kọ́ṣẹ́ télọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ilẹ̀ Nàìjíríà. Òfin kò mọ̀ ọ́n sí nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ìyá ọmọ, ó lè má mọ̀ pé ọ̀ràn ti kọjá agbára òun. Hádíìsì wà nínú Àbú Dáwúdù pé ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ ìmọ̀ ìṣègùn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Òbí tó san owó náà ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ-ìbílẹ̀ tún wà. Ọmọ wa tí a bí sí Bìní, tó gbọ́ èdè Bìní ju Yorùbá lọ, ìwé ìjọba ìbílẹ̀ Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa bi í. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń fi máàkì nìkan yan apá kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ gbìyànjú láti wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá lọ sílé fún Iléyá, kí a gba ìwé náà bọ̀.

Ẹni tó ní ọmọ ní JSS3 lọ́dún yìí, kí ó rí àwọn àgbà ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kí ọmọ tó yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, kí ó mú òun náà dání, kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.